Bí Agbanisíṣẹ́ ní Amẹ́ríkà Ṣe Lè Máa Tẹ̀lé Òfin Ibi Iṣẹ́ Tó Ń Yí Padà

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ìpínlẹ̀ California pàṣẹ pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára kòrónà. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Greg Abbott, gómìnà Texas, gbé àṣẹ tirẹ̀ jáde pé kò sí ilé iṣẹ́ kankan, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, tó gbọ́dọ̀ fi abẹ́rẹ́ yẹn ṣe dandan fún òṣìṣẹ́ tó bá kọ̀ ọ́ nítorí ẹ̀rí ọkàn, ẹ̀sìn tàbí ìlera rẹ̀. Ohun tó jẹ́ dandan níbì kan di èèwọ̀ níbòmíràn, orílẹ̀-èdè kan náà sì ni.

Àwọn ènìyàn wa tó ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà pọ̀: ilé oúnjẹ ní Houston, ilé ìtọ́jú ọmọdé ní Atlanta, ilé iṣẹ́ tó ń rán olùtọ́jú lọ sílé àwọn arúgbó ní Maryland. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn dáadáa. Òfin tó wà lórí òṣìṣẹ́ ló sábà máa ń bá wọn lójijì. Kòrónà rọlẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fòpin sí ipò pàjáwìrì ìlera ní ọjọ́ 11, oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, àmọ́ àwọn ìpínlẹ̀ kò ṣíwọ́ òfin ṣíṣe láti ìgbà náà.

Òfin kọ̀ọ̀kan ní ẹni tó ni ín. Ó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn sì ní ọjọ́ tí wọ́n máa kú. Tí ẹ bá mọ nǹkan mẹ́ta yìí nípa gbogbo òfin tó kàn yín, tí ẹ sì kọ wọ́n síbi kan ṣoṣo, ẹ kò nílò láti jẹ́ lọ́yà kí ẹ tó lè bójú tó òṣìṣẹ́ yín bó ṣe yẹ. Gbogbo ìgbésẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí, ohun tó ń ràn yín lọ́wọ́ láti mọ nǹkan mẹ́ta yẹn ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ mọ iye ìjọba tó wà lórí yín

Ẹni tó dàgbà sí Nàìjíríà ti mọ̀ ọ́n mọ́ra pé ìjọba àpapọ̀ ló ń ṣòfin òṣìṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba mẹ́ta lè wà lórí ilé ìdáná kan ṣoṣo: ti àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, àti ti káúńtì (ìpín kan nínú ìpínlẹ̀, bí ìjọba ìbílẹ̀) tàbí ìlú. Ẹ wo owó iṣẹ́ wákàtí kan. Ìjọba àpapọ̀ ní kò gbọ́dọ̀ dín sí dọ́là 7.25, iye yẹn kò sì yí padà láti ọjọ́ 24, oṣù Keje, ọdún 2009. Maryland sọ tirẹ̀ di dọ́là 15 láti ọjọ́ kìíní ọdún 2024. Montgomery County, tó wà nínú Maryland níbẹ̀, ní iye tirẹ̀ tó tún ga ju ti ìpínlẹ̀ lọ, tó sì máa ń yí padà ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje lọ́dọọdún. Níbi ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́, èyí tó bá ṣe òṣìṣẹ́ lóore jù lọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ máa san.

Ti ààbò níbi iṣẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. OSHA, àjọ tí òfin ọdún 1970 dá sílẹ̀, ló ń ṣọ́ ọ fún ìjọba àpapọ̀. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ 21 pẹ̀lú Puerto Rico gba ìyọ̀ǹda láti máa ṣọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni wọn fúnra wọn, tí òfin wọn kò bá ṣáà ti rọ̀ ju ti àpapọ̀ lọ. Maryland, Virginia àti California wà lára wọn. Texas, Georgia, New York àti New Jersey kò sí níbẹ̀. OSHA àpapọ̀ ló ń bá àwọn aládàáni wọn sọ̀rọ̀ tààrà. Ìdí nìyí tí Virginia fi lè jẹ́ ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó ṣe ìlànà pàjáwìrì tirẹ̀ lórí kòrónà níbi iṣẹ́, ní ọjọ́ 27, oṣù Keje, ọdún 2020, nígbà tí OSHA àpapọ̀ kò tíì ṣe irú rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ tó ń kó òṣìṣẹ́ kọjá odò Potomac láàárọ̀ láti Washington lọ sí Virginia ti bọ́ sábẹ́ òfin mìíràn kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.

Nítorí náà, ẹ má wo ibi tí ẹ ti forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ gan-an ni kí ẹ wò. Ká ní ilé iṣẹ́ yín wà ní Texas, tí ẹni tó ń bá yín ṣírò owó sì ń ṣiṣẹ́ láti ilé rẹ̀ ní New Jersey. Texas kò ní òfin ìpínlẹ̀ tó fi dandan lé ìsinmi àìsàn olówó, èyí tí òṣìṣẹ́ fi ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò yá. New Jersey ní: wákàtí kan fún ọgbọ̀n wákàtí tí ènìyàn bá ṣiṣẹ́, títí dé 40 wákàtí lọ́dún. Òfin New Jersey ló kan ẹni yẹn.

Ẹ mú bébà, ẹ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìlú, káúńtì àti ìpínlẹ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́. Fún àwọn tó ń lọ láti ilé dé ilé, ẹ kọ gbogbo ibi tí wọ́n ń dé. Bébà yìí ni ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka orí òṣìṣẹ́ yín

Òfin púpọ̀ ń wo iye ènìyàn kó tó mọ ohun tó máa béèrè lọ́wọ́ yín. Ní Maryland, agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ sanwó fún ìsinmi àìsàn. Ẹni tó ní 14 sísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ fún wọn ní ìsinmi náà, àmọ́ kò pọn dandan kó sanwó rẹ̀. Ní New York, ẹni tó ní òṣìṣẹ́ márùn-ún sí 99 gbọ́dọ̀ fún wọn ní 40 wákàtí ìsinmi àìsàn olówó lọ́dún, ti ẹni tó ní 100 sókè sì jẹ́ 56. Òfin àpapọ̀ tó fún òṣìṣẹ́ láyè láti kúrò níbi iṣẹ́ nítorí ọmọ tuntun tàbí àìsàn ńlá kì í kan aládàáni tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 50.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí èyí túmọ̀ sí: òfin lè yí padà lórí yín láìjẹ́ pé ìjọba ṣe ohunkóhun. Ẹ kàn gba ẹni kan sí i ni. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí díẹ̀ náà sábà máa ń wà nínú kíkà yẹn. Maryland, fún àpẹẹrẹ, máa ń wo ìpíndọ́gba iye òṣìṣẹ́ oṣooṣù láàárín ọdún tó ṣáájú, ó sì ń ka gbogbo wọn. Tí iye yín bá ti ń súnmọ́ 15, 50 tàbí 100, ẹ tún orí kà kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ẹni tuntun.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ lọ bu omi níbi orísun rẹ̀

Lásìkò kòrónà, inú àwùjọ WhatsApp ni ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ wa ti ń gbọ́ òfin. Ẹnì kan ní Dallas á fi fídíò ránṣẹ́, ẹni tó wà ní Baltimore á gbà á gbọ́, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìpínlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Mi ò ní kí ẹ kúrò nínú àwùjọ yín. Ẹ jẹ́ kó máa ta yín lólobó pé nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀, kí ẹ wá lọ wo òótọ́ rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ni òfin.

Gbogbo àwọn tó ni òfin wọ̀nyí ló ní ojú òpó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ wọn sì máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ yín: ní Maryland, Maryland Department of Labor ni; ní New York, New York State Department of Labor; ní Texas, Texas Workforce Commission; ní California, Department of Industrial Relations, tí Cal/OSHA, àjọ ààbò níbi iṣẹ́ ti California, wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tún forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ àti ti káúńtì yín, torí àwọn ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tí àrùn mìíràn bá bẹ́ sílẹ̀. Ní ti ìjọba àpapọ̀, OSHA ní ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ QuickTakes, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló máa ń jáde.

Ẹ ṣí ímeèlì tuntun kan fún èyí nìkan, kó má baà sọnù sáàárín ìwé owó iná àti ìpolówó ọjà. Kí ènìyàn méjì ní ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀. Tí ẹnì kan bá rin ìrìn àjò lọ sílé fún ọdún Kérésì, òfin tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ọdún kò ní dúró dè é.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ mọ irú ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ìròyìn lè sọ pé «òfin tuntun ti jáde», kó sì jẹ́ ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́rin tí agbára wọn kò dọ́gba.

Òfin tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ṣe, tí gómìnà fọwọ́ sí, ló máa ń pẹ́ jù. Ìlànà tí àjọ bíi Cal/OSHA gbé kalẹ̀ ní agbára òfin náà, àjọ yẹn sì lè tún un kọ. Ti California lórí kòrónà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 30, oṣù Kọkànlá, ọdún 2020. Wọ́n tún un ṣe léraléra, kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 2023, èyí tí wọ́n ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé ọdún méjì ni yóò fi wà.

Àṣẹ pàjáwìrì gómìnà ni ẹ̀kẹta. Òun ló yára jù láti dé, òun náà ló yára jù láti lọ. Ní Maryland, ipò pàjáwìrì kò lè kọjá ọgbọ̀n ọjọ́ àfi tí gómìnà bá sọ ọ́ dọ̀tun. Larry Hogan, gómìnà ìgbà náà, kéde rẹ̀ ní ọjọ́ 5, oṣù Kẹta, ọdún 2020, ó ń sọ ọ́ dọ̀tun títí ó fi fòpin sí i ní ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 2021. Ẹni tó ka àṣẹ yẹn lẹ́ẹ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀, tí kò padà wò ó mọ́, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ìmọ̀ràn, irú èyí tí CDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn, máa ń gbé jáde. Ìmọ̀ràn kì í ṣe òfin, ṣùgbọ́n òfin lè gùn lé e lórí. Ibí yìí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ní ọjọ́ 27, oṣù Kejìlá, ọdún 2021, CDC dín ọjọ́ tí ẹni tó ní kòrónà máa fi ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kù láti mẹ́wàá sí márùn-ún. Ní ọjọ́ 1, oṣù Kẹta, ọdún 2024, wọ́n pa ọjọ́ márùn-ún náà tì, wọ́n ní kí ènìyàn dúró sílé títí ibà á fi kúrò lára rẹ̀ fún wákàtí 24 láìlo oògùn ibà, tí ara rẹ̀ sì ti ń yá. California ti yí tirẹ̀ padà ṣáájú wọn ní oṣù Kìíní ọdún yẹn. Ìlànà Cal/OSHA kò yí lẹ́tà kan padà nínú ìwé rẹ̀. Ó ti sọ látilẹ̀ pé ohun tí ilé iṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀ bá wí nípa ìyàsọ́tọ̀ ni kí ẹ ṣe. Nígbà tí tiwọn yí, ti Cal/OSHA yí pẹ̀lú rẹ̀. Tí ẹ bá rí i nínú òfin kan pé «gẹ́gẹ́ bí àjọ báyìí ṣe là á sílẹ̀», ẹ kọ orúkọ àjọ yẹn sílẹ̀, kí ẹ sì máa ṣọ́ òun náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ṣí ìwé òfin tiyín

Ìwé kan ṣoṣo, nínú kọ̀ǹpútà tàbí nínú ìwé kíkọ́ olójú-ewé gbọọrọ, kò sí èyí tó burú. Fún òfin kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ẹni tó ni ín, àwọn òṣìṣẹ́ yín tó kàn, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí, ohun tó ní kí ẹ ṣe, ẹni tó máa ṣe é nínú ilé iṣẹ́ yín, àti ọjọ́ tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn. Ọjọ́ ìgbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Òun ló ń sọ fún yín bóyá ẹ ṣì lè gbára lé ohun tó wà lókè rẹ̀.

Àpẹẹrẹ kan rèé fún ilé iṣẹ́ tó wà ní New York:

Orúkọ: ìsinmi kòrónà olówó. Ẹni tó ni ín: ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin New York. Ó bẹ̀rẹ̀: ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 2020. Ó parí: ọjọ́ 31, oṣù Keje, ọdún 2025. Ohun tí a máa ṣe: ká yọ ọ́ kúrò nínú ìwé ìlànà ilé iṣẹ́, ká sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé òṣìṣẹ́ tí kòrónà bá mú lè lo ìsinmi àìsàn rẹ̀ bíi ti àìsàn yòókù.

Ẹ wo bí òfin yẹn ti pẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ gbà pé ó ti kú láti ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti ní pàjáwìrì ti tán. Òfin ìpínlẹ̀ ni, kò sì sí ohun tó so ó mọ́ ìkéde ìjọba àpapọ̀. Òṣìṣẹ́ tí kòrónà mú ní ọdún 2024, tí ọ̀gá rẹ̀ ní «kò sí ìyẹn mọ́», ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni wọ́n fi dù ú.

Àwọn òfin kan wà tí wọn kì í kú, wọ́n kàn ń sùn ni. NY HERO Act, òfin New York tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 5, oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, ní kí agbanisíṣẹ́ aládàáni kọ ètò ìdáàbòbò sílẹ̀ lórí àrùn tó ń ba inú afẹ́fẹ́ ràn. Ètò náà kàn máa wà nínú ìwé ni, títí ìjọba á fi kéde pé àrùn kan ti di ewu. Wọ́n kéde kòrónà bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ 6, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2021, ìkéde náà sì parí ní ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 2022. Ètò náà ṣì gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ «ó ń sùn» síwájú irú rẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó lè jí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ sàmì sí kàlẹ́ńdà

Àwọn àgbà ní òkèèrè ni olójú jíjìn ti ń mẹ́kún sun. Òfin ìpínlẹ̀ kì í dédé já bọ́, àfi tí pàjáwìrì bá wà. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní àkókò ìjókòó tirẹ̀, òfin tuntun sì ní oṣù tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ní Maryland, 90 ọjọ́ ni wọ́n fi ń jókòó, láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹrin, ọ̀pọ̀ òfin wọn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá. Ti Virginia àti Georgia sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Texas kì í jókòó lọ́dọọdún. Ọdún tí iye rẹ̀ kò ṣeé pín sí méjì ni wọ́n ń pàdé, 140 ọjọ́, ọ̀pọ̀ òfin wọn sì ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. California fẹ́ràn ọjọ́ kìíní ọdún: ọjọ́ kìíní ọdún 2024 ni ìsinmi àìsàn olówó wọn fò láti ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún, ọjọ́ yẹn náà sì ni Illinois bẹ̀rẹ̀ òfin tó fún òṣìṣẹ́ ní 40 wákàtí olówó lọ́dún láìjẹ́ pé ó sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. New York bẹ̀rẹ̀ ti aboyún ní ọjọ́ kìíní ọdún 2025, 20 wákàtí olówó tí wọ́n lè fi lọ rí dókítà, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà.

Ẹ fi àmì sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin nínú ọdún tí ẹ máa jókòó ti ìwé òfin yín, ó kéré tán oṣù kan ṣáájú ọjọ́ wọ̀nyẹn. Lásìkò àjàkálẹ̀ àrùn, ẹ sọ ọ́ di ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀.

Kí ẹ má sì gbàgbé pé ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú òfin lè sún. Ní ọdún 2022 ni Maryland ṣe òfin tó máa fún òṣìṣẹ́ lówó tí wọ́n bá kúrò níbi iṣẹ́ nítorí ìdílé tàbí àìsàn. Ọdún 2025 ni owó náà ìbá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Wọ́n sún un sí 2026, wọ́n sì tún sún un sí oṣù Kìíní ọdún 2028. Ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ owó lára owó iṣẹ́ náà ti sún dé ọjọ́ kìíní ọdún 2027. Ẹni tó bá fi ọjọ́ àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò lè máa yọ owó òṣìṣẹ́ fún ohun tí kò tíì bẹ̀rẹ̀, kò sì sí òṣìṣẹ́ tí irú ìyẹn kò ní bí nínú.

Ìgbésẹ̀ keje: Nígbà tí òfin bá dé lójijì

Kò sí ẹ̀kọ́ tó tó ti ìlànà abẹ́rẹ́ tí OSHA gbé jáde ní ọjọ́ 5, oṣù Kọkànlá, ọdún 2021. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 100 sókè rí i pé wọ́n gba abẹ́rẹ́ tàbí kí wọ́n máa ṣe àyẹ̀wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Nǹkan bí mílíọ̀nù 84 òṣìṣẹ́ ló kàn. Lọ́jọ́ kejì, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kan dá a dúró. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kejìlá, òmíràn ní kó máa lọ. Ní ọjọ́ 13, oṣù Kìíní, ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ tún dá a dúró, nígbà tó sì di ọjọ́ 26, OSHA fọwọ́ ara rẹ̀ kó o nílẹ̀. Lọ́jọ́ 13 yẹn kan náà, ilé ẹjọ́ yìí gbà kí òfin abẹ́rẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó ń gba owó Medicare àti Medicaid, ètò ìlera tí ìjọba ń sanwó rẹ̀, máa lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kọ ọ́ gàdàgbà pé «Ilé ẹjọ́ ti fagi lé òfin abẹ́rẹ́», agbanisíṣẹ́ tó ní ilé ìtọ́jú aláìsàn tí kò ka ìyókù á sì rò pé òun ti bọ́.

Tí irú rẹ̀ bá tún dé, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé òfin náà fúnra rẹ̀, pàápàá ojú ewé tó sọ ẹni tó kàn àti ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ilé ẹjọ́ kan ti dá a dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ìmúrasílẹ̀ tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára tí òfin náà bá ṣubú: ẹ kó ìwé jọ, ẹ ṣírò owó, ẹ yan ẹni tó máa bójú tó o. Ohun tí a kò lè tún ṣe, bíi kí a lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má ṣe é ṣáájú ọjọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù máa ń ba ènìyàn nírú àkókò bẹ́ẹ̀, àmọ́ òṣìṣẹ́ tí wọ́n lé ní oṣù Kejìlá nítorí òfin tó kú ní oṣù Kìíní, ta ló máa dá ọjọ́ rẹ̀ padà?

Ẹ tún wo apá kejì: bóyá ìpínlẹ̀ yín ti ṣe òfin tó lòdì sí ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Láti ọjọ́ 6, oṣù Kejì, ọdún 2024, agbanisíṣẹ́ aládàáni ní Texas tó bá fìyà jẹ òṣìṣẹ́ nítorí pé kò gba abẹ́rẹ́ kòrónà lè san ìtanràn 50,000 dọ́là.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ lédè tó yé e

Òfin tó wà nínú àpótí ọ̀gá kò tíì dé ibi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ gbọ́ ohun tó yí padà, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nínú ilé ìdáná kan ṣoṣo, ẹ lè rí ẹni tó ń sọ Yorùbá, ẹni tó ti Togo wá tó ń sọ Faransé, àti ẹni tó ń sọ èdè Sípéènì. Ìwé òyìnbó kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn kò tó fún wọn. Ẹ pè wọ́n jọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n béèrè ìbéèrè.

Ní ti póstà tí òfin ní kí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri, Department of Labor àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ máa ń fún ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan máa ń kọ lẹ́tà tó jọ ti ìjọba, tí wọ́n á ní kí ẹ sanwó póstà kíákíá kí ẹ má baà jẹ ìtanràn. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ pa òfin tó ti kú rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má ju ìwé rẹ̀ nù

Ìlànà Virginia tí mo mẹ́nu bà lókè di èyí tó wà títí ní oṣù Kìíní ọdún 2021. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n fagi lé e. Òfin tó kú kò gbọ́dọ̀ wà lára ògiri yín mọ́, tàbí nínú ìwé tí ẹ ń fún òṣìṣẹ́ tuntun. Tí ẹ bá ṣì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ń fúnni ní ìsinmi kòrónà ọ̀tọ̀, òṣìṣẹ́ lè sọ pé ìlérí yín nìyẹn, kò sì jẹ̀bi.

Àkọsílẹ̀ ń pẹ́ ju òfin lọ. Ní California, ìlànà kòrónà parí ní ọjọ́ 3, oṣù Kejì, ọdún 2025, ṣùgbọ́n apá tó sọ nípa àkọsílẹ̀ àwọn tí àrùn náà mú tún lo ọdún kan sí i. Òfin àpapọ̀ ní kí ìwé owó iṣẹ́ wà lọ́wọ́ yín fún ọdún mẹ́ta. New York ní ọdún mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ ìlera òṣìṣẹ́, bí èsì àyẹ̀wò tàbí ìwé dókítà, ní àpótí tirẹ̀ lọ́tọ̀, kì í bá ìwé ìgbanisíṣẹ́ gbé. Òfin àpapọ̀ ló fi èyí ṣe dandan fún ẹni tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ kò tó bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é. Àṣírí ara ènìyàn ni.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ẹ mọ ibi tí ẹ ti lè rí ìrànwọ́

OSHA ní ètò ìmọ̀ràn kan fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké, tó wà ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa pè wọ́n. Wọ́n á wá wo ibi iṣẹ́ yín, wọ́n á sọ ohun tó kù díẹ̀ káàtó, wọn kò ní gba kọ́bọ̀, wọn kò sì ní bu owó ìtanràn lé yín. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni pé kí ẹ tún ewu ńlá tí wọ́n bá rí ṣe láàárín àkókò tí ẹ jọ fẹnu kò sí. Ó dùn mí pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú àwọn tiwa ló mọ̀ pé ó wà.

Ilé iṣẹ́ tó ń bá yín san owó oṣù lè máa ṣírò owó orí dáadáa, kó má sì mọ̀ pé ẹ ti ní òṣìṣẹ́ ní káúńtì mìíràn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lákọsílẹ̀: òfin wo ni ẹ ń bá mi ṣọ́, èwo ni èmi máa ṣọ́ fúnra mi? Ẹ fi ìdáhùn wọn sínú ìwé òfin yín. Ní ti lọ́yà, ẹ wá ẹni tó ń ṣe òfin òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ yẹn gan-an. Lọ́yà tó bá yín ṣe ìwé ìrìnnà lè má mọ èyí. Tí ẹ bá gbé ìwé òfin yín dání lọ bá a lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, wákàtí kan péré lè tó, torí ẹ ti mọ ohun tí ẹ fẹ́ béèrè.

Ẹni tí kò bá lè ṣe gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, kó fi ọ̀sẹ̀ yìí ṣe nǹkan méjì: bébà orúkọ òṣìṣẹ́ àti ibi tí kálukú ti ń ṣiṣẹ́, àti ìforúkọsílẹ̀ fún ímeèlì ilé iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó kọ òfin àkọ́kọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ó dára kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú owó iṣẹ́ wákàtí kan, nítorí òun ni òṣìṣẹ́ ń kà lọ́jọ́ tí owó bá wọlé.